Ọjọ́ Tí Wọ́n So Dróònù Mi Mọ́ Èèkàn Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìmáṣàyí fún yín. Ẹ má sọ pé irọ́ ni mò ń pa o! Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, àwọn kan kò sì tíì rẹ́rìn-ín tán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n so dróònù mi mọ́ èèkàn ewúrẹ́.

Ẹ tún un kà. Dróònù, nǹkan tó ń fò lókè tó ń ya fídíò! Wọ́n fi okùn dè é lẹ́sẹ̀, wọ́n da èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú rẹ̀ kí ebi má baà pa á, wọ́n sì bu omi sínú páànù tì í. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ bò ó nítorí òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìlaròó. Oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ìyókù kò kàn yín. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra yẹtí wúrà, èmi ra dróònù. Ṣé mo jí i ni? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rà á, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wá jèrè rẹ̀ jù ni bàbá mi. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n lè dé oko kajú wọn mọ́, oko tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn lẹ́yìn odò. Ọdún kejì rèé tí wọn kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ni mò ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìmáṣàyí, màá fò ó láti iwájú ilé wa dé oko, màá sì gbé fóònù sọ́wọ́ bàbá mi kí wọ́n máa wò.

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń wò ó! Wọ́n á sún mọ́ fóònù títí imú wọn á fi kàn án. Wọ́n á ní kí n bá àwọn kí igi tó wà lẹ́bàá àpáta, kó má bínú, pé ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn wá. Èmi náà á sì kí igi. Kí ni kí n ṣe? Bàbá mi ni! Orúkọ tí wọ́n sọ dróònù náà ni Ojú Mi.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ojú Mi máa ń ṣubú.

Á máa lọ jẹ́jẹ́, kò ní í ṣe nǹkan kan. Bí mo bá ti ní kó yà sósì báyìí, iná á kú, á já bọ́ bí mángòrò tó pọ́n jù. Kì í kìlọ̀, kì í dágbére. Ó ti já sínú igbó rí, ó ti já sórí páànù ilé wa rí.

Gbogbo ayé ní ọwọ́ mi ni. Ẹni tó tà á fún mi ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní nǹkan ọmọdé ni mo gbé dání, pé ọjọ́ orí ti ń lọ. Màmá mi ní kí n lọ gbàdúrà sí ọwọ́ náà. Bàbá mi ló tiẹ̀ ṣàánú mi jù. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ọmọlúàbí ni dróònù náà, pé kò fẹ́ràn ọwọ́ òsì, nítorí àwọn náà kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi gbà wọ́n gbọ́! Mi ò yà sósì mọ́. Bí mo bá fẹ́ lọ sósì, màá yà sọ́tùn-ún, màá tún yà sọ́tùn-ún, màá tún yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kẹta, títí ojú rẹ̀ á fi kọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á rò pé òòyì ń kọ́ ọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń dé oko, ó ń bọ̀.

Títí di Sátidé tí mò ń sọ yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, èéfín ń rú lẹ́yìn odò, nítorí àwọn kan ń sun igbó láti fi ṣe oko tuntun. Ara bàbá mi kò lélẹ̀. Kí iná má lọ ràn mọ́ kajú àwọn! Wọ́n ń pariwo sí mi létí pé kí n yára, kí n yà síbẹ̀ yẹn, síbẹ̀ yẹn! Ìpayà bá èmi náà, mo gbàgbé, mo yà sósì.

Iná kú. Ojú fóònù ṣú. Ọgbà Bàbá Láìdé ló já sí, sáàárín ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.

Ta ni Bàbá Láìdé? Hẹ̀n-ẹ́n. Àgbà àdúgbò wa ni wọ́n, àwọn ló ń dájọ́ ẹran tó bá ṣìnà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹran bá wọ oko olóko, a kì í lù ú, a kì í pa á. Bàbá Láìdé á so ó mọ́ èèkàn ní àgbàlá wọn, wọ́n á fún un lóúnjẹ, ẹni tó ni ín á wá ṣàpèjúwe rẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á tú u fún un. Wọn kì í ṣojúsàájú. Wọ́n ti so àgùntàn àbúrò wọn rí.

Ewúrẹ́ tiwọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí so rí. Sìsí lorúkọ rẹ̀. Ó sanra, ojú rẹ̀ le, ó sì fẹ́ràn láfún ju ènìyàn lọ. Màmá mi ń ṣe láfún tà. Gbogbo obìnrin tó ń sá láfún ní àdúgbò ló ti bá Sìsí lórí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹjọ́ sùn, Bàbá Láìdé á ní koríko nìkan ni ewúrẹ́ àwọn ń jẹ. Wọ́n tiẹ̀ ti dìde lójú ìpàdé rí, wọ́n ní àwọn búra, Sìsí kò fẹnu kan láfún rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i!

Nígbà tí mo dé àgbàlá wọn tí mo bá Ojú Mi lórí ìso, Sìsí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti so ó torí pé ó fẹ́ bímọ, wọn kò fẹ́ kó máa rìn jìnnà. Okùn kan náà ni wọ́n lò. Orí kan wà lọ́rùn Sìsí, orí kejì wà lẹ́sẹ̀ dróònù mi, àárín rẹ̀ wà lára èèkàn.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Bàbá máa bínú, èmi ni mo ni ín, màá bá wọn tún ata gbìn. Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Akọ ni àbí abo?

Mo ní kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Wọ́n wo àwọn tó jókòó tì wọ́n, wọ́n mi orí. Ẹni tó ni ẹran kò mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo?

Wọ́n bi mí pé kí ló ń jẹ. Mo ní iná ni. Ìyá àgbà kan dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Ẹ̀gbọ́n Tàjù fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n Tàjù ń ra ọjà, ó ń tà á láàárín Ẹ̀gúá àti òdì kejì bọ́dà, kò sì sí nǹkan tó sọnù ní gbogbo Yewa tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo dróònù náà yí ká, ó pàtẹ́wọ́, ó ní Ọlọ́run ṣeun! Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan lódì kejì ló fi ránṣẹ́ sí òun, pé ó ń fò bọ̀ lọ́dọ̀ òun ni àárẹ̀ fi mú un lórí ata.

Inú bí mi! Mo yọ rìmóòtù jáde nínú báàgì, mo nà án sókè. Ẹ̀gbọ́n Tàjù kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé gbogbo ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ló ni ilé? Bàbá Láìdé ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe dájọ́ nìyẹn. "Ẹran tí èèyàn méjì bá ń jà sí," Bàbá Láìdé ní, "ẹran náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ ẹni tó ni òun. A ó tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé délé, òun ló ni ín."

Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun alásárì. Ẹ̀gbọ́n Tàjù á kọ́kọ́ pè é, èmi á tẹ̀lé e. Bó bá wá ṣubú lójú ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n ní á jẹ́ pé ó kọ àwa méjèèjì nìyẹn, á dúró lọ́dọ̀ àwọn dípò ata.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ilé Bàbá Láìdé dé ilé wa, kọ́nà kan ṣoṣo ló wà, lẹ́bàá kànga. Apá òsì ló yà sí.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi bi mí pé Ojú Mi dà. Mo sọ bó ṣe jẹ́. Wọn kò bínú, ìbá dáa bí wọ́n bá bínú. Wọ́n kàn yí àga wọn padà kọjú sí apá ibi tí èéfín ti ń rú, wọn kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń bi mí níbẹ̀ pé ṣé mi ò lẹ́sẹ̀ ni. Mo lẹ́sẹ̀! Láàárọ̀ Sọ́ńdè ni mo gba ọ̀nà odò lọ, mo wo oko náà, mo padà wá sọ fún wọn pé iná kò dé ibẹ̀, kajú wà. Bàbá mi ní àwọn gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra sọ pé kò sí ohun tí ọmọ rere kò lè sọ fún arúgbó kó lè jẹun, pé ojú ọmọ kì í ṣe ojú bàbá. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo lọ sẹ́yìnkùlé.

Kò tíì tó àkókò ìrun nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Láìdé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ara ẹran mi wò, pé àìsàn ń ṣe é. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ tú okùn. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi, dróònù àti Sìsí.

Mo yí àwọn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n ń yí dáadáa. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dá. Mo ń yí i síwá, mò ń yí i sẹ́yìn, n kò mọ ohun tí mò ń wá. Ṣé ọwọ́ mi náà ni lóòótọ́?

Sìsí na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹ̀gbẹ́ ikùn dróònù náà. Mo tì í kúrò. Ó padà. Mo tún tì í. Ó tún padà sí ojú kan náà gẹ́lẹ́, etí ilẹ̀kùn ilé bátìrì!

Bàbá Láìdé rí i, inú wọn dùn. Wọ́n pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá wo ewúrẹ́ àwọn bó ṣe ń ṣàánú ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ń tù ú nínú bẹ́ẹ̀ láti àná.

Àánú kẹ̀? Mo ti mọ Sìsí tipẹ́. Sìsí kì í fi ahọ́n ṣàánú. Ohun tó bá ń lá, oúnjẹ ni!

Mo gbá etí ilẹ̀kùn náà mú kí n ṣí i. N kò tiẹ̀ tíì tẹ ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí bátìrì fúnra rẹ̀ fi yọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, mo rántí dáadáa pé nígbà tí mo tì í wọlé lánàá, mo gbọ́ "kọ́"! Mo tì í padà, mo tún gbọ́ "kọ́". Mo fi ìka kan fà á, ó tún jáde.

Mo wo inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ní eyín kékeré kan tó yẹ kó wọ inú ihò kan kó sì há síbẹ̀. Nǹkan funfun kan ti dí ihò náà, ó le bí òkúta. Mo fi èékánná họ ọ́, mo gbé e símú.

Láfún!

Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwà òmùgọ̀ mi. Yanrìn ló kún iwájú ilé wa, n kò sì fẹ́ kí yanrìn wọ inú dróònù. Nítorí náà mo wá ibi tó mọ́ jù lọ ní gbogbo àgbàlá tí màá ti máa gbé e dìde. Kí ló mọ́ ju tapólì tí màmá mi ń sá láfún lé lọ? Gbogbo Sátidé, bí mo bá ti gbé e dìde báyìí, láfún á bò ó, á bo èmi náà mọ́lẹ̀, màmá mi á máa pariwo pé ṣé kí àwọn tà á ni àbí kí àwọn fi kun ojú. Láfún wọlé, ìrì òwúrọ̀ fún un lómi, bátìrì fún un ní iná. Ó jinná síbẹ̀! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń fi sítáṣì sí aṣọ, èmi náà ni mo fi sítáṣì sí dróònù.

Ó wá yé mi. Eyín kò rí ihò wọ̀, "kọ́" tí mò ń gbọ́, ẹnu lásán ni. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, bátìrì á tì wọlé. Bí mo bá yà sósì, á sún jáde, á kúrò lára irin tó ń gba iná, òkùnkùn dé. Kì í ṣe ọmọlúàbí, kò sì ní ìṣòro kankan pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi!" Mo pariwo rẹ̀. Bàbá Láìdé bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́wọ́.

Mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ láfún ti dé orí ahọ́n mi, mo rántí ìbúra tí wọ́n ṣe nítorí Sìsí, mo gbé e mì. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú adájọ́ kì í pe adájọ́ ní òpùrọ́. Mo ní eruku ni.

Mo yọ abẹ́rẹ́ híjáàbù mi, mo fi ń họ ihò náà díẹ̀díẹ̀. Mo rún orí pákò, mo fi gbá ìyókù jáde. Mo fi etí ìró gbígbẹ nu àwọn irin tó ń gba iná títí wọ́n fi ń dán. Láfún tí mo họ kò ṣeé dà sí àgbàlá àgbàlagbà, mo dà á sínú ọ̀rá, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi. Ẹ má gbàgbé ọ̀rá yẹn o.

Nígbà tí mo tún tì í pa, "kọ́" tó dún kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Mo fà á, kò mì. Síbẹ̀ eyín náà ti jẹ díẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo tọrọ rọ́bà lọ́wọ́ Bàbá Láìdé. Wọ́n gé lára túùbù ọ̀kadà tí wọ́n fi di igi ìdáná, àwọn fúnra wọn ló sì bá mi dì í yí ikùn dróònù náà ká, wọ́n ní aláìsàn tó fẹ́ rìn gbọ́dọ̀ di àmùrè.

Wọ́n kírun tán. Àgbàlá kún! Màmá mi wà níbẹ̀, gbogbo àwọn oníláfún wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tàjù wọ kaftáànì funfun, ó fi jígí dúdú sójú, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, nǹkan náà kò gbọ́ Yorùbá, Faransé nìkan ló gbọ́.

"Vyẹ́ǹ!" ó ní, ìyẹn ni "máa bọ̀" lédè wọn. "Vyẹ́ǹ ìsí, mọ̀nàmí! Vyẹ́ǹ!"

Dróònù kò mira. Sìsí ló dá a lóhùn, "mẹ̀ẹ́ẹ̀." Bàbá Láìdé ní kí Sìsí panu mọ́, kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀gbọ́n Tàjù pè é títí ohùn rẹ̀ fi ha. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí èmi bọ́ síwájú. Bàbá Láìdé tú okùn kúrò lára èèkàn, wọ́n tú u kúrò lẹ́sẹ̀ dróònù, wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó wà ní orí kejì okùn náà.

Mo tẹ rìmóòtù. Wúúú! Àwọn èèyàn fọ́n ká, bàtà ẹnìkan fò wọ inú páànù omi. Ojú Mi dìde, ó dúró ní ìwọ̀n orí ènìyàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mò ń fi rìmóòtù fà á tẹ̀lé ara mi. Gbogbo àdúgbò tẹ̀lé àwa méjèèjì.

A dé kànga.

Mo dúró. Ìka mi wà lórí rìmóòtù, kò fẹ́ tẹ òsì. Ṣé kí n yí i lẹ́ẹ̀mẹta sọ́tùn-ún ni? Àyè kò sí, igi mángòrò wà níbẹ̀, ó máa gbá a. Ẹ̀gbọ́n Tàjù ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi pé ó ti tán. Bí rọ́bà yẹn bá já, bí eyín yẹn bá yọ̀, kí ni màá sọ fún arúgbó tó kọjú àga sí èéfín? Mo ní Bísímílà, mo tẹ òsì.

Ó yà.

Ó yà sósì jẹ́jẹ́, iná rẹ̀ ń tàn, kò gbọ̀n, kò ṣubú! Mo kígbe débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju rìmóòtù sínú kànga. Àwọn obìnrin gbè é. Èmi tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èmi tí ọjọ́ orí mi ti lọ!

Nígbà tí a délé, n kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ju báàgì mi sílẹ̀, mo gbé fóònù sọ́wọ́ bàbá mi, mo sì rán an lọ sẹ́yìn odò. Bàbá mi gbé imú lé fóònù. Iná ti jó igbó títí dé etí ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀. Lódì kejì ọ̀nà, kajú wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èso pupa lórí wọn. Wọ́n ní kí n yà síbi àpáta. Mo yà, òsì ni, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ kú àtijọ́ o," bàbá mi kí igi. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní ṣé kò sí oúnjẹ nílé yìí ni. Mo yí ojú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi.

Ibi tí mo yí ojú sí ni mo ti rí Sìsí.

Ó wà láàárín àgbàlá wa, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó ki orí bọ inú báàgì mi. Ọ̀rá láfún! Ọ̀rá yẹn ló ti ń tẹ̀lé láti ilé Bàbá Láìdé, ó fi oyún inú rẹ̀ tọ ẹ̀yìn mi dé ilé, a kò sì rí i láàárín èrò.

Ẹnìkan wá rọra sọ ọ́ láti ẹ̀yìn: ẹran tó bá tẹ̀lé ènìyàn délé ńkọ́?

Ẹ wo màmá mi! Kí n tó yanu, wọ́n ti so Sìsí mọ́ òpó ilé wa. Wọ́n da èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n sì bu omi sínú páànù.

Kò pẹ́ tí Bàbá Láìdé fi wọlé, wọ́n ń mí gúlegúle. Bàbá mi kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti orí àga, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀. Akọ ni àbí abo?

Bàbá Láìdé ní kí wọ́n yéé ṣe ẹ̀fẹ̀, Sìsí ni, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ó tẹ̀lé ọmọ àwọn délé, kò sẹ́ni tó pè é, kódà ní Faransé.

Bàbá Láìdé ní kì í ṣe ènìyàn ló tẹ̀lé, oúnjẹ ló tẹ̀lé.

Bàbá mi bi wọ́n pé oúnjẹ wo.

Ẹ̀yin èèyàn! Ẹ ò rí ojú Bàbá Láìdé. Wọ́n wo Sìsí, gbogbo ẹnu rẹ̀ funfun. Wọ́n wo ọ̀rá tó ti ya sílẹ̀. Wọ́n wo àwọn obìnrin oníláfún tí wọ́n ti tò yí àgbàlá ká, ọwọ́ ní ìbàdí. Bí wọ́n bá ní oúnjẹ kọ́, ewúrẹ́ lọ. Bí wọ́n bá dárúkọ oúnjẹ náà, ìbúra lọ.

Wọ́n sọ nǹkan kan sínú agbádá wọn. Màmá mi ní etí àwọn kò gbọ́ dáadáa mọ́, ọjọ́ orí ni.

"Láfún!" Bàbá Láìdé pariwo. "Láfún ni mo wí! Ó ń jẹ ẹ́! Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́!"

Ariwo tó sọ, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ayétòrò. A tú Sìsí fún wọn. Èmi náà bá wọn tún ata gbìn ní ọjọ́ kejì kí n tó padà sí Ìlaròó, nítorí ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Bí nǹkan yín bá ń kọṣẹ́, ẹ yẹ ilé bátìrì wò kí ẹ tó gbà pé ọwọ́ yín ni. Ẹ má gba "kọ́" gbọ́, ẹ fà á wò lẹ́yìn tó bá dún. Mo gbà fún gbogbo ayé pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí po sọ́tùn-ún bí ẹni ọtí ń pa, nígbà tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun òkèlè ló dí ihò kékeré kan. Mo ti wá ra ẹní kékeré tirẹ̀ tó ń ti orí rẹ̀ fò báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀bi wo ni wọ́n ti dì rù yín rí, tí ẹ sì gbà, tó wá jẹ́ pé nǹkan kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀? Ta ló ti bá yín rí àṣìṣe yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á.

Bí èsì mi bá pẹ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Sátidé la wà yìí, Bàbá Láìdé ti gbé àga wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń ṣe báyìí, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n yà sósì díẹ̀ kí àwọn wo ibi tí Sìsí àti ọmọ rẹ̀ wà. Mo ti yà. Àwọn méjèèjì ló wà lórí tapólì màmá mi.